Láti inú ẹnu títí dé gbólóhùn: ta ló lè là mí lọ́yẹ lórí ìpìlẹ̀ ẹ̀dá-èdè?

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbówó

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè níbí ní Ìbàdàn. Yorùbá ni mo ti ń sọ láti kékeré, mo sì ṣe dáadáa nínú rẹ̀ ní WAEC, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ wa báyìí jìnnà sí èyí tí mo mọ̀. Olùkọ́ wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: iná, Ìbàdàn, òroǹbó. Ó ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni *n* ń ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò tíì tán ńbẹ̀ tó tún fi sọ pé *n* àti *l* lè jẹ́ ohun kan náà nínú èdè wa. Ibẹ̀ ni gbogbo kíláàsì ti ń wojú ara wọn.

Ìbéèrè mi kejì ló wúwo jù. Wọ́n ní láti orí ìró la ó ti lọ sórí sílébù, ká lọ sórí mọ́fíìmù, ká wá dé orí gbólóhùn. Kí ló so wọ́n pọ̀? Àbí ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí kò bára tan ni wọ́n kó sábẹ́ orúkọ kan?

Olùkọ́_Mọ́níyà

Ọmọ mi, o kú làálàá ìwé. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun kan tí mo sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ kí a tó ṣí ìwé ni pé kí wọ́n gbàgbé létà ná, kí wọ́n fi ẹnu pè é.

Pe *iná*. Iwájú ahọ́n rẹ lọ kan èrìgì lẹ́yìn eyín òkè, èémí sì gba imú jáde. Kọ́ńsónáǹtì gidi nìyẹn. Wàyí, pe *Ìbàdàn*, kí o fa ìparí rẹ̀ gùn. Ǹjẹ́ ahọ́n rẹ kan ibì kankan lókè? Kò kan ibì kankan. Fáwẹ́lì *a* ni o ń pè, imú ló bá ẹnu pè é. *n* tí a kọ síbẹ̀ kì í ṣe ìró, àmì lásán ni, pé fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ àránmúpè. Lẹ́yìn náà, pe *òroǹbó*, kí o máa fi ọwọ́ lu tábìlì bí o ṣe ń pè é: ò-ro-ǹ-bó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọwọ́ rẹ balẹ̀. *ǹ* yẹn ní ohùn tirẹ̀, sílébù kan gédégédé ni. Tún wo ètè rẹ dáadáa nígbà tí o bá ń pè é: ètè méjèèjì ti pa dé kí o tó dé *bó*. Létà *n* la kọ, *m* lẹnu ń pè, nítorí *b* tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti fà á mọ́ra. Bákan náà ni *ń* inú “mo ń bọ̀” kò rí bíi ti “mo ń lọ”, èyí tó wà nínú “mo ń kọrin” sì tún wà lọ́dọ̀ àfàsé lẹ́yìn ẹnu.

Létà kan náà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ní òdìkejì, létà méjì lè dúró fún ìró kan. *gb* kì í ṣe *g* kí *b* tó tẹ̀ lé e. Ètè pa dé, ẹ̀yìn ahọ́n kan àfàsé, méjèèjì sì ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò rẹ fi jẹ́ a-gbó-wó, tí kò lè jẹ́ ag-bó-wó láéláé. *p* tiwa náà, ibi kan náà la ti ń pè é. Gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, kí o pe *pẹ́*, kí o tún pe *gbẹ́*. Tán-án-ná inú ọ̀fun gbọ̀n nígbà tí o pe *gb*, kò gbọ̀n nígbà tí o pe *p*. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn nìkan ló wà láàárín ẹni tó pẹ́ dé àti ẹni tó gbẹ́ ère.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóníìmù wà, ìyẹn ìró tó lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Fi ìró kan rọ́pò òmíràn, kí o má fọwọ́ kan ohun tó kù. Bí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ mìíràn, fóníìmù méjì lo ní lọ́wọ́. Bí kò bá yí padà, tó jẹ́ pé ibi tí ìró wà ló ń pinnu bí yóò ṣe dún, fóníìmù kan náà ló wọ aṣọ méjì. Ohun tí olùkọ́ yín ń sọ nípa *n* àti *l* nìyẹn: *ní owó* di *lówó*, *ní ọjà* di *lọ́jà*, ṣùgbọ́n *ní ilé* dúró gẹ́gẹ́ bíi *nílé*.

Ọmọ_Ọjàaba

Bàbá Olùkọ́, ẹ kú ọgbọ́n, àmọ́ mi ò tíì gbà. Ẹ̀yin náà lẹ ní ká fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ó dáa. *Ilá*. Mo yọ *l*, mo fi *n* sí i: *iná*. Ọ̀kan ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ̀kọ, èkejì ló ń jó ilé. Bí ìtumọ̀ bá yàtọ̀ tó báyìí, báwo ni *n* àti *l* ṣe fẹ́ jẹ́ ohun kan náà? Ìdánwò yín ló já a.

Olùkọ́_Mọ́níyà

Àríyànjiyàn tó dára nìyí. Fi ìka méjì di imú, kí o pe *ilá*. Kò sí wàhálà. Wá di imú náà, kí o pe *iná*, kí o fa *á* ìparí rẹ̀. O gbọ́ bó ṣe há? Fáwẹ́lì inú *iná* ń gba imú kọjá, tinú *ilá* kò gba imú. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì fi yàtọ̀ síra wọn, kì í ṣe ọ̀kan. Àkọtọ́ wa ni kò fi ìkejì hàn, nítorí a kì í kọ *n* sẹ́yìn fáwẹ́lì tí *n* tàbí *m* bá ti wà níwájú rẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀rí tí kò nílò imú dídì, gírámà ní in. Nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ẹni kẹta rọ́pò àbọ̀ (ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe kàn, bíi *bàtà* nínú “ó ra bàtà”), ohun tí a ń ṣe ni pé a ń tún fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe pè: ó rà á, ó gbé e, ó rí i, ó fọ̀ ọ́. Wàyí, ajá lá ọbẹ̀: *ajá lá a*. Ọmọ ná owó: *ọmọ ná an*. Níbo ni *n* ìkẹyìn yẹn ti wá? Inú fáwẹ́lì *ná* ló ti wà látìbẹ̀rẹ̀, tí a kò kọ ọ́. Bákan náà ni *mọ̀ ọ́n* àti *mu ún*.

Nítorí náà, *l* ló máa ń ṣáájú fáwẹ́lì tí kò gba imú, *n* ló máa ń ṣáájú èyí tó gba imú. Wọn kì í pàdé níbì kan náà. Àwọn onímọ̀ kan kà wọ́n sí fóníìmù kan, àwọn mìíràn ṣì kà wọ́n sí méjì. Ẹ̀yìn àwọn ti àkọ́kọ́ ni mo wà, nítorí *lówó* àti *nílé*: nígbà tí fáwẹ́lì àránmúpè inú *ní* bá ti lọ, *n* pẹ̀lú kò lè dúró mọ́.

Ọmọ_Ọjàaba

*Ná an, lá a.* Mo ti pè é títí fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni.

Ìyá_Ìbejì_Gbági

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́nà tèmi. Ọmọ mi kọ “sé” àti “isẹ́” nínú ìdánwò Yorùbá, wọ́n yọ máàkì rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú. Olùkọ́ rẹ̀ sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé àwọn ará Ìbàdàn ò mọ Yorùbá sọ, pé ẹnu wọn ò yí. Ọmọ náà délé, kò fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí pé “sé” ni màmá ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé òótọ́ ni pé èdè tiwa ò pé?

Onímọ̀_Sámóńdà

Ẹ kú ọmọ títọ́, Mà. Ìṣòro méjì ni olùkọ́ yẹn lọ́ mọ́ra wọn, ó sì yẹ ká tú wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ni ìwé kíkọ. Àkọtọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ya *s* àti *ṣ* sọ́tọ̀ nítorí wọ́n jẹ́ fóníìmù méjì nínú rẹ̀: ó lọ *sí* ọjà, ó *ṣí* ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà *sú* mi, ilẹ̀ ti *ṣú*. Lórí ìwé ìdánwò, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì ìsàlẹ̀ ń gbé. Ẹ bá a kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ní méjì-méjì, kí ó máa fi ojú mọ̀ wọ́n, nítorí etí nìkan kò ní tó o nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń pè wọ́n bákan náà.

Èyí kejì ni ẹnu, ibẹ̀ ni olùkọ́ yẹn ti ṣìnà pátápátá. Ní ẹ̀ka-èdè Ìbàdàn, *s* ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn mìíràn ti ń lo *s* àti *ṣ*. Màmá yín kì í pe “sé” lónìí, kí wọ́n pe “ṣé” lọ́la. Gbogbo ìgbà ni, nínú gbogbo ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo agboolé ń pè é. Ohun tó bá ń lọ lójú ọ̀nà kan náà láìyẹsẹ̀ lẹ́nu odidi ìlú, òfin èdè ni, àṣìṣe kọ́. Ẹ wo àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń pe ilé ní *ulé*. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, *u* kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣé a ó wá sọ pé wọn ò mọ èdè bàbá wọn ni? Onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í wọ ẹnu ènìyàn láti wá àléébù. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an ló ń wò, tó sì ń wá òfin tó wà nídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé kíkọ jẹ́ ohun tí àwọn ènìyàn jókòó fẹnu kò lé lórí. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1875, àwọn oníjọ Church Missionary Society (CMS) pàdé ní Èkó láti fìdí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà múlẹ̀. Ní 1974, ìjọba tún fọwọ́ sí àtúnṣe. Àwọn bàbá wa kọ *aiye*, *enia*, *yio*. Àwa ń kọ *ayé*, *ènìyàn*, *yóò*. Ẹnu kò yí padà láàárín ìgbà yẹn, bírò ló yí padà. Ohùn Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, Ìbàdàn sì bá Ọ̀yọ́ tan púpọ̀. Kí ọmọ yín lọ jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀, Mà. Ẹ̀kọ́ ló ń gbà níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Gbági

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Màá kà á fún un lálẹ́ yìí. Màá sì kà á fún màmá pẹ̀lú.

Ayàn_Òjé

Ẹ ti sọ̀rọ̀ létà, ẹ ti sọ̀rọ̀ imú. Ẹ ò tíì dé ibi tí tèmi wà. Ìlù ni wọ́n bí mi sí, dùndún ni mo ń lù. Ìyá ìlù ò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò sì lè pe *k* tàbí *b*. Ohùn nìkan ló ní: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Bí mo bá fún ọṣán mọ́ra, ohùn gòkè. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá lu “Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé” ní òde, kò sí ọmọ ìlú yìí tí kò ní mọ̀ pé òun ni mo ń pè.

Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yìí mọ̀ pé ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi ń wọ ọ̀rọ̀. “Ó gbà mí” àti “ó gbá mi”: ọ̀kan fún ẹni tó yọ mí nínú ewu, èkejì fún ẹni tó fọ́ mi létí. Ìró wọn ò yàtọ̀ rárá. Mo rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tẹ Yorùbá sórí fóònù láìsí àmì kankan, ó sì ń dùn mí, torí ohun tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n yọ dànù.

Ìdí tún wà tí àwa ayàn kì í fi í dá ọ̀rọ̀ kan lù. *Ọbẹ̀*, *ọkọ̀*, *ẹsẹ̀*, ọ̀nà kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà lórí awọ, àárín tẹ̀ lé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ èyí tí mò ń sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lu oríkì gígùn, kí ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè tọ́ka sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbówó

Bàbá Ayàn, ẹ mà ṣeun. Ohùn náà jẹ́ fóníìmù nìyẹn, nítorí bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ á yí padà. Ìdánwò Bàbá Olùkọ́ kan náà ni.

Mo ti ń rí ojú ọ̀nà. Mọ́fíìmù ńkọ́? Wọ́n ní òun ni ẹyọ tó kéré jù lọ tó ní ìtumọ̀. Mo mọ̀ ọ́n sórí, àmọ́ mi ò tíì rí i lójú.

Onímọ̀_Sámóńdà

Jáde sí títì, kí o fetí sí àwọn awakọ̀ Micra. Orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń pè ti tó ọ fi ṣe ìwé.

Alálùbọ́sà. Ẹlẹ́yẹlé. Ẹlẹ́kùrọ́. Olómi. Onírèké. Oníyanrìn.

Mọ́fíìmù kan náà ló bẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: *oní-*, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń fi ẹni tàbí ibi tó ní nǹkan hàn. Afarahẹ ni, kò lè dá dúró bí *ẹyẹlé* tàbí *omi* ṣe lè dá dúró. Ohun tó wù mí nínú orúkọ wọ̀nyí ni pé *oní-* kan náà yìí ń para dà gẹ́gẹ́ bí fáwẹ́lì tó bá pàdé. Oní àti àlùbọ́sà: fáwẹ́lì *í* pa jẹ, *n* kò rí fáwẹ́lì àránmúpè dì mú mọ́, ó di *l* (ẹ rántí *lówó*), *o* àkọ́kọ́ sì fara wé *à*, ó di *a*. Alálùbọ́sà. Oní àti ẹyẹlé, Ẹlẹ́yẹlé, lọ́nà kan náà. Oní àti omi, Olómi, *o* ti bá *o* pàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ *ìrèké* àti *iyanrìn*, fáwẹ́lì *i* ló pàdé, nítorí náà *n* kò níbi tó ń sá lọ: Onírèké, Oníyanrìn.

Ohùn òkè tó wà lórí *ní* kò kú o. Fáwẹ́lì tó gbé e lọ, ohùn náà dúró, ó bọ́ sórí fáwẹ́lì tó kàn. Wo *á* inú Alálùbọ́sà. Mo rò pé èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù pé ohùn àti fáwẹ́lì kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń rìn.

Ó lè ju mọ́fíìmù méjì lọ. *Aláìsàn*: oní, àì, sàn. Mẹ́ta ni. Yọ *àì* kúrò, àìsàn lọ. Pààrọ̀ *sàn* sí *gbọ́n*, o ti ní *aláìgbọ́n*. Pípààrọ̀ náà la ṣì ń ṣe o, kìkì pé ẹyọ tó ní ìtumọ̀ la ń pààrọ̀ báyìí, kì í ṣe ìró lásán.

Ọmọ_Ọjàaba

Ẹ tiẹ̀ fojú fo tiwa. Alẹ́sinlóyè! *Ní ẹṣin* àti *ní oyè* wà nínú rẹ̀, *l* méjèèjì sì jáde. Òkè Àdó ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń lọ, *Òkààdó* ni. Ọjà Ọba sì di *Ọjà'ba*. Mo wá fẹ́ bi yín: ṣé òfin kan náà ló sọ Ẹ̀bá-Ọ̀dàn di Ìbàdàn?

Olùkọ́_Mọ́níyà

Òkè Àdó jẹ́ àrànmọ́: *è* di *à*, àmọ́ sílébù ò dín, mẹ́rin ló wà. Ọjà'ba jẹ́ ìpajẹ: fáwẹ́lì kan lọ, sílébù dín. Mú ìyàtọ̀ yẹn dání, wọ́n fẹ́ràn láti bi í nínú ìdánwò.

Ní ti Ẹ̀bá-Ọ̀dàn, ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa nìyẹn. Ìpajẹ lè gbé wa dé *Ẹ̀bádàn* láìsí wàhálà. *Ẹ̀* tó di *ì* àti *bá* tó di *bà* kò sí lábẹ́ òfin tí a ń sọ yìí. Orúkọ ìlú máa ń ti ẹnu dé ẹnu fún ìran púpọ̀, ó sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbówó

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè lórí gbólóhùn ló kù. Nínú ìwé atúmọ̀-èdè, *rà* ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ó ní àmì ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n “Adé ra bàtà” ni mo ń rí, àmì ti lọ. Ṣé òǹkọ̀wé ló gbàgbé ni?

Onímọ̀_Sámóńdà

Kò gbàgbé. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń bọ́ sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ó *sè é*, ó *se ọbẹ̀*. Ó *pè é*, ó *pe Adé*. Gbé àbọ̀ lọ síwájú wàyí: “Bàtà ni Adé *rà*.” Àbọ̀ ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ padà sílé. O rí i pé ohùn mọ ètò gbólóhùn. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ kejì wà, èyí tó so ìró pọ̀ mọ́ gbólóhùn: ẹni tí kò bá mọ ibi tí àbọ̀ wà kò lè mọ ohùn tó yẹ kí ọ̀rọ̀-ìṣe gbà. Ẹ̀kọ́ ìró àti ẹ̀kọ́ gbólóhùn ò lè pínyà.

Ètò gbólóhùn Yorùbá kò díjú ní ìpìlẹ̀: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀. A kì í yí ara ọ̀rọ̀-ìṣe padà nítorí àná tàbí ọ̀la, àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bíi *ń*, *ti*, *máa*, *yóò* ló ń ṣe ìyẹn níwájú rẹ̀. A sì lè to ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́sẹẹsẹ láìfi asopọ̀ kankan sí i: “Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí Òjé”, “ó ra ẹran sè jẹ”.

*ni* ni mo fẹ́ kí o di mú, nítorí òun ni irinṣẹ́ tí a fi ń mọ àpólà, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan nínú gbólóhùn. Ohun tó bá lè kó ara rẹ̀ jọ lọ dúró níwájú *ni*, àpólà kan ni. “Ọmọ ìyá aláṣọ ra bàtà pupa ní Bódìjà.” *Bàtà pupa* ni ọmọ ìyá aláṣọ rà. *Ní Bódìjà* ni ó ti ra bàtà pupa. *Ọmọ ìyá aláṣọ* ni ó ra bàtà. Gbìyànjú láti gbé *pupa ní Bódìjà* lọ síwájú, wàá rí i pé kò lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe pàápàá lè lọ, bí o bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú àpètúnpè: “*Rírà* ni ó ra bàtà, kò jí i.”

Amòfin_Jẹ́ríkò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìsọ̀rọ̀. Iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Ìwé ìhágún kan wà níwájú mi tí olóògbé fi Yorùbá kọ: “Ilé àti ilẹ̀ tí mo rà ní Mọ́níyà jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin.” Ilé kan wà tó jẹ́ ogún, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun kò rà á. Àwọn ọmọkùnrin ní kò sí nínú rẹ̀, ọmọbìnrin ní ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣòro nínú gbólóhùn yìí. Kí ló fa ìjà?

Onímọ̀_Sámóńdà

Gbólóhùn pọ́n-na nìyẹn, Sà, èyí tó ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ọ̀rọ̀ kankan kọ́ ló fà á, bí àwọn ọ̀rọ̀ ṣe kó ara wọn jọ ló fà á. “Tí mo rà ní Mọ́níyà” lè so mọ́ *ilẹ̀* nìkan, kí àpólà jẹ́ [ilé] àti [ilẹ̀ tí mo rà ní Mọ́níyà]. Ó sì lè so mọ́ méjèèjì: [ilé àti ilẹ̀] [tí mo rà ní Mọ́níyà]. Bí a bá kà á lọ́nà àkọ́kọ́, ilé ogún wà nínú rẹ̀. Lọ́nà kejì, kò sí níbẹ̀. Ẹnu ì bá lè fi ìdákẹ́ díẹ̀ yà wọ́n. Ìwé kò ní ìdákẹ́ yẹn.

Èyí tí olóògbé ní lọ́kàn, ẹ̀dá-èdè kò lè sọ, adájọ́ ni yóò wo ẹ̀rí mìíràn. Ṣùgbọ́n fún àwọn oníbàárà yín tó kù, ẹ yí ètò rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ nìkan ló rà, kó kọ “Ilẹ̀ tí mo rà ní Mọ́níyà àti ilé mi”. Bó bá jẹ́ méjèèjì, kó tún awẹ́ gbólóhùn náà sọ: “Ilé tí mo rà ní Mọ́níyà àti ilẹ̀ tí mo rà níbẹ̀.” Ó gùn, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò jà lé e lórí.

Amòfin_Jẹ́ríkò

Ó ṣe kedere. Mo máa jẹ́ kí àwọn akọ̀wé mi kà á. Ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn tó ń ṣe òfin ní ohun báyìí.

Ayàn_Òjé

Kí ẹ tó lọ, nǹkan kan wà tí mi ò rí i kí ẹnikẹ́ni kọ. Bí mo bá fẹ́ lu “Òjò rọ̀”, ọwọ́ mi kì í lọ tààrà láti *òjò* sí *rọ̀*. Ohùn òkè kan wà láàárín wọn: *Òjò ó rọ̀*. Bí mo bá yọ ọ́, gbólóhùn náà ò pé létí. “Ọkọ dé” pẹ̀lú, *ọkọ́ dé* ni mo ń lù. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, kò sọ ìdí. Kí ni ohùn yẹn?

Olùkọ́_Mọ́níyà

Ayàn, etí yín mú. Àwọn onímọ̀ gírámà ti ń jiyàn lórí ohùn yẹn fún ọdún pípẹ́. Ó máa ń wà láàárín olùwà tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe. Àwọn kan ní ó ń fi hàn pé ohun tó ṣáájú ni olùwà, àwọn kan ní ó jẹ mọ́ àsìkò ìṣẹ̀lẹ̀. Ẹ wò ó nínú ìyísódì: “Òjò kò rọ̀.” Kò sí níbẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ àmì olùwà nìkan ni, *òjò* ṣì ni olùwà níbẹ̀, kí ló dé tó fi lọ? Èyí ló mú kí n máa tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó so ó mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín, kí o sọ fún wa ẹ̀yìn tí òun wà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Agbówó

Mo bi í lónìí, Sà. Ẹ̀yìn àwọn olùwà ló wà. Mo gbé “Òjò kò rọ̀” kò ó lójú, ó ní kí n lọ kó gbólóhùn tí olùwà rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ jọ pẹ̀lú *ti*, *ń*, *máa* àti *yóò*, kí n gba ohùn àwọn ará ilé sórí fóònù, kí n wá sọ ibi tó ti hàn àti ibi tí kò ti hàn. Bàbá Ayàn, bí ẹ bá lè bá mi lu díẹ̀ nínú wọn, màá wá sí Òjé lọ́jọ́ Sátidé.

Ayàn_Òjé

Máa bọ̀. Wá ní àárọ̀, kí a tó lọ sóde.